KỌ̀ǸKỌ̀ KÌ Í GBÉ ILÉ ÀJỌGBÉ: Ẹ YÀ WỌ́N SỌ́TỌ̀!

Ẹ̀yin bàbá, ẹ̀yin ìyá, ẹ̀yin ọ̀dọ́ Yorùbá tó wà ní Kánò, Jọ́ọ̀sì, Kàdúná, Sókótó àti gbogbo ibi tí òwò gbé wa dé, ẹ̀yin ni mò ń bá sọ̀rọ̀. Mo mọ̀ pé ọ̀rọ̀ owó epo àti owó ilé ló wà lẹ́nu gbogbo èèyàn. Ẹ ṣáà fún mi ní ìṣẹ́jú díẹ̀, mo fẹ́ sọ̀rọ̀ kọ̀ǹkọ̀.

Ẹ má rẹ́rìn-ín. Láti ìgbà tí òjò ti bẹ̀rẹ̀, ojoojúmọ́ la ń rí fọ́tò lórí péèjì yìí. Ọmọ kan á gbé bàáfù dání, kọ̀ǹkọ̀ mẹ́wàá, méjìlá á wà nínú ẹ̀, wọ́n á máa gun ara wọn lórí. Àwọn àgbà á wá máa kọ ọ́ sábẹ́ ẹ̀ pé "ọmọ dáadáa," "ẹ jẹ́ kí wọ́n jọ máa gbé, àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà." Ẹnì kan tiẹ̀ kọ ọ́ lọ́sẹ̀ tó kọjá pé ẹni tó bá ya kọ̀ǹkọ̀ sọ́tọ̀, ìkà ni. Mo ka gbogbo ẹ̀, mo dákẹ́. Mi ò lè dákẹ́ mọ́.

Ọ̀rọ̀ mi ò gùn: kọ̀ǹkọ̀ ńlá tó ń gbẹ́lẹ̀, ẹyọ kan ṣoṣo ni kí ẹ fi sínú àpótí kan. Ẹni tó bá kó méjì pọ̀, ọ̀kan ló máa kù. Ẹni tó bá kó mẹ́wàá pọ̀, oúnjẹ ló ń tọ́jú fún èyí tó tóbi jù nínú wọn. Ẹni tó bá sì mọ̀ bẹ́ẹ̀, tó ṣì kó wọn pọ̀ kó lè fi fóònù ya fídíò ìjà, ẹni yẹn gan-an ni ìkà.

ẸNI TÁ À Ń SỌ̀RỌ̀ RẸ̀

Kì í ṣe gbogbo ọ̀pọ̀lọ́ ni mò ń wí. Àkèré inú odò tí wọ́n ń sá gbẹ, tí wọ́n ń kó lápò-lápò lọ sílé lọ́hùn-ún, ọ̀tọ̀ nìyẹn. Èyí tí mò ń wí ni kọ̀ǹkọ̀ tó sanra, tí ẹnu ẹ̀ fẹ̀ gbàngbà, tí ẹ kì í rí rárá nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Àfi tí òjò ńlá bá rọ̀, ẹ á ṣàdédé bá a nínú omi ẹ̀gbẹ́ títì. Àwọn Haúsá àdúgbò wa á kàn pè é ní kwaɗo, bí wọ́n ṣe ń pe àwọn tó kù. Orúkọ tí àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ń pè é ni Pyxicephalus edulis. Ará Jámánì kan tó ń jẹ́ Peters ló fún un lórúkọ yẹn ní 1854, ìtumọ̀ edulis sì ni ohun tó ṣeé jẹ. Ó ní ẹ̀gbọ́n kan ní gúúsù Áfíríkà, Pyxicephalus adspersus, tí àwọn òyìnbó Amẹ́ríkà àti Yúróòpù fẹ́ràn láti máa sìn nínú ilé. Akọ tiẹ̀ lè wúwo ju kílò kan lọ. Púpọ̀ nínú ohun tí mo fẹ́ sọ, àwọn tó ń sin ẹ̀gbọ́n yìí ti fojú rí i tipẹ́. Ìwà tẹ̀gbọ́n-tàbúrò ò sì jìnnà síra.

Ẹ gbé e sókè, kí ẹ wo ẹsẹ̀ ẹ̀yìn ẹ̀. Nǹkan líle kan wà lábẹ́ ẹ̀ bí ojú ṣọ́bìrì. Ìdí ló fi ń wọlẹ̀. Á máa fi ẹsẹ̀ ẹ̀yìn gbá iyẹ̀pẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́, á máa rì díẹ̀díẹ̀, títí ojú ẹ̀ nìkan á fi kù lókè. Tí òjò bá lọ, á wọlẹ̀ lọ jinjin. Awọ ara ẹ̀ á bó ní ìpele-ìpele, á wé e yíká bí ọ̀rá, ihò imú ẹ̀ nìkan ló máa ṣí sílẹ̀. Omi tó fi pamọ́ sínú àpòòtọ̀ ẹ̀ ló máa fi gbé ẹ̀mí ró. Bó ṣe máa wà nìyẹn fún ọ̀pọ̀ oṣù, kò jẹ, kò mu, títí òjò ọdún tó ń bọ̀ á fi lu ilẹ̀ lórí ẹ̀. Á wá bọ́ awọ yẹn, á sì jẹ ẹ́. Oúnjẹ àkọ́kọ́ nìyẹn. Oúnjẹ kejì ni ohunkóhun tó bá mira níwájú ẹ̀.

Mo ní ohunkóhun o. Kòkòrò, ọmọ eku, ọmọ ẹyẹ tó já bọ́ látinú ìtẹ́, ejò kékeré, àti kọ̀ǹkọ̀ bíi tiẹ̀. Ó ní nǹkan bí eyín ní àgbọ̀n ìsàlẹ̀ tó fi ń di ẹran mú kó má bọ́. Kì í bèèrè pé ọmọ ta ni. Tí ojú ẹ̀ bá ti rí ohun tó ń mira, tó sì lè gba ẹnu ẹ̀, ó parí.

Àti kékeré ló ti ń bẹ̀rẹ̀. Nígbà tí légbélègbé bá ti hu ẹsẹ̀, tó di kọ̀ǹkọ̀ kékeré tó jáde lómi, àwọn tí wọ́n jọ pa nínú ẹyin ìyá kan náà á bẹ̀rẹ̀ sí í gbé ara wọn mì. Ọmọ ìyá ni o! Ẹ wá sọ fún mi, èyí tó ń gbé ọmọ ìyá ẹ̀ mì, ṣé àlejò tí ẹ kó wá látinú kòtò omi mìíràn ló fẹ́ bá ṣe ọ̀rẹ́?

"ṢEBÍ INÚ OMI KAN NÁÀ NI WỌ́N Ń GBÉ TẸ́LẸ̀?"

Èyí ni wọ́n máa ń sọ jù. Òótọ́ ni, tí òjò ńlá bá rọ̀ lọ́nà Wúdíl tàbí lápá ìsédò Tiga, ẹ lè rí ọ̀pọ̀ nínú omi kan. Ẹ á gbọ́ igbe wọn lóru. Kí ni wọ́n wá ṣe níbẹ̀? Ìyàwó ni wọ́n wá fẹ́. Àwọn akọ ńláńlá á máa gbá ara wọn nù nítorí ojú ibi tí abo máa yé sí. Ọjọ́ díẹ̀ ni gbogbo ẹ̀. Tó bá parí, kálukú á bá ọ̀nà tiẹ̀ lọ, kálukú á sì gbẹ́ ihò tiẹ̀.

Àwa náà ń pàdé lọ́jà. Láti àárọ̀ dalẹ́ la ń fara kan ara wa ní ọjà Sábó Gàrí, ẹgbẹẹgbẹ̀rún èèyàn. Ṣé torí ìyẹn ni ká fi ti ilẹ̀kùn ọjà pa lálẹ́, ká ní kí ọlọ́jà, oníbàárà, alábàárù àti olè jọ sùn nínú kàntínì kan? Ìpàdé ọ̀tọ̀, ibùgbé ọ̀tọ̀.

Ohun kan sì wà tí ẹ ń gbàgbé. Èyí tí wọ́n ń lé nínú pápá lè sá. Ilẹ̀ fẹ̀, koríko wà, omi jìn níbì kan, ó fà níbòmíràn. Èyí tí wọ́n ń lé nínú bàáfù, ibo ló fẹ́ sá sí? Á yí ká, á yí ká, ẹnu kan náà ló máa padà bá.

Àwọn kan tún ní wọ́n rí fídíò akọ tó ń ṣọ́ àwọn ọmọ ẹ̀. Lóòótọ́ ni. Ẹ̀gbọ́n tó wà ní gúúsù Áfíríkà yẹn, akọ ẹ̀ máa ń dúró ti àwọn légbélègbé. Tí omi ibi tí wọ́n wà bá fẹ́ gbẹ, á gbẹ́ ojú ọ̀nà omi láti ibẹ̀ lọ síbi tí omi pọ̀, kí wọ́n lè rí ọ̀nà gbà. Ohun tó wúni lórí ni, mi ò jiyàn. Ṣùgbọ́n bàbá yẹn kan náà lè gbé díẹ̀ mì nínú wọn nígbà tó ń ṣọ́ wọn lọ́wọ́. Ẹ wo fídíò náà dópin kí ẹ tó fi kọ́ wa lẹ́kọ̀ọ́.

"ẸNÌ KAN KÌ Í JẸ́ ÀWA DÉ"

Àwọn elérò kejì, òwe ni tiwọn. Igi kan kì í dágbó ṣe. Ẹnì kan kì í jẹ́ àwa dé. Wọ́n ní kọ̀ǹkọ̀ tó dá wà nínú àpótí, ìbànújẹ́ ló máa pa á.

Ẹ jọ̀ọ́, ta ló pa òwe yẹn fún kọ̀ǹkọ̀? Àwa ni wọ́n pa á fún. Àwa tí bàbá wa gbéra láti Ògbómọ̀ṣọ́, láti Ọ̀fà, láti Ìbàdàn, tí wọ́n wọ rélùwéè wá sí ilẹ̀ yìí, a mọ ìtumọ̀ ẹ̀. Tí ọ̀kan nínú wa bá ṣàìsàn, ẹgbẹ́ á dá owó. Tí ọ̀kan bá kú, ẹgbẹ́ á gbé e relé. Tí wàhálà bá ṣẹlẹ̀, inú ilé ara wa là ń sá sí. Èèyàn ló nílò èèyàn. Kọ̀ǹkọ̀ ò ní ẹgbẹ́ ọmọ ìlú. Kì í dá èsúsú. Ohun tí àwọn àgbà wa ń sọ, tó bá a mu ju èyí tí ẹ ń wí lọ, ni kóńkó jabele, kálukú ló ń ṣe tiẹ̀.

Ẹ fi orí rò ó. Ẹranko tó ń dá wà nínú ilẹ̀ lọ́dọọdún láti ìgbà tí òjò bá ti lọ títí tí òmíràn fi máa dé, òun kan ṣoṣo nínú òkùnkùn, ọ̀dọ̀ yín ni ìdáwà ti wá fẹ́ pa á? Tó bá jẹ́ pé ìdáwà ń pa kọ̀ǹkọ̀ ni, kò ní sí ẹyọ kan mọ́ ní gbogbo ilẹ̀ Àríwá.

Àánú tí kò mọ ohun tí ẹni tí wọ́n ń ṣàánú nílò, aṣọ tí wọ́n fi ìwọ̀n ara ẹlòmíràn rán ni. Ẹ ò fẹ́ kó dá wà torí pé ẹ̀yin ò fẹ́ dá wà. Ohun tí òun ń fẹ́ ni ilẹ̀ rírọ̀ tó lè gbẹ́, omi mímọ́, oúnjẹ tó ń mira, àti kí ẹnikẹ́ni má dé ibi tó wà.

"TÍ WỌ́N BÁ TÓBI DỌ́GBA, TÍ A SÌ Ń BỌ́ WỌN YÓ ŃKỌ́?"

Àwọn yìí ló gbọ́n jù, àwọn ni mo sì fẹ́ fara balẹ̀ dá lóhùn.

Dídọ́gba òní kì í ṣe dídọ́gba oṣù tó ń bọ̀. Ẹ ju ìrẹ̀ márùn-ún sínú àpótí kọ̀ǹkọ̀ mẹ́ta, kí ẹ máa wò. Èyí tó yá ọwọ́ jù á kó mẹ́ta tàbí mẹ́rin, èyí tó ń bẹ̀rù ò ní rí nǹkan kan. Ọ̀la bẹ́ẹ̀, ọ̀tunla bẹ́ẹ̀. Láìpẹ́ ọ̀kan á ti fi ìlàjì ju èkejì lọ, ẹnu ẹ̀ á sì ti gba ojúgbà ẹ̀.

Kódà tí wọ́n bá dọ́gba gbọnrangandan, àsìkò oúnjẹ ni àsìkò ewu. Ọ̀kan fò mọ́ ìrẹ̀, èkejì rí ẹsẹ̀ tó mira, ó gbé e hán. Ẹ rò pé ó máa tú u sílẹ̀? Egbò á jẹ yọ, egbò yẹn á kẹ̀, kọ̀ǹkọ̀ yẹn á kú lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan, ẹ á ní ẹ ò mọ ohun tó pa á. Nígbà mìíràn ọ̀kan á gbé ojúgbà ẹ̀ dé ìdajì, kò ní lè gbé e mì, kò ní lè pọ̀ ọ́, méjèèjì á sì kú pọ̀.

Omi ńkọ́? Kọ̀ǹkọ̀ kì í fi ẹnu mu omi bí àwa. Awọ abẹ́ ikùn àti itan ẹ̀ ló fi ń fà á. Inú omi yẹn náà ló ń tọ̀ sí, tó ń yàgbẹ́ sí. Tí ẹ bá kó mẹ́wàá sínú bàáfù kan, kí ilẹ̀ tó mọ́ omi yẹn á ti máa rùn, májèlé tó wà nínú ìtọ̀ àti ìgbẹ́ á sì máa gba awọ wọlé padà sí wọn lára. Òun ló ń pa èyí tí ẹ ní "kò ní egbò kankan, ó kàn ṣàdédé kú ni." Kò ṣàdédé. Ìdọ̀tí àwọn mẹ́sàn-án yòókù ló mu kú. Torí náà, ká tiẹ̀ ní wọn ò jẹ ara wọn, ẹ̀gbin á parí iṣẹ́.

ỌMỌ TÍ WỌ́N PÈ NÍ OLÈ

Ẹ jẹ́ kí n sọ ìdí tí ọ̀rọ̀ yìí fi ká mi lára tó bẹ́ẹ̀, torí kì í ṣe ọ̀rọ̀ kọ̀ǹkọ̀ nìkan mọ́.

Lásìkò òjò tó kọjá, ọmọ kan ní àdúgbò wa kó méjìlá sínú bàáfù kan, ó fi pákó dé e. Ó sọ gbogbo wọn lórúkọ. Lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́ta, ó ka mẹ́sàn-án. Bàbá ẹ̀ ní ológbò ló kó wọn. Ológbò wo ló ń ṣí pákó, tó ń jẹun tán, tó sì ń dé pákó padà? Nígbà tó ku mẹ́fà, wọ́n ní kì í ṣe ológbò mọ́, èèyàn ni. Èèyàn wo? Ọmọ Málàmù tó wà ní ẹ̀gbẹ́ ilé, torí òun ló máa ń wá wò wọ́n pẹ̀lú ọmọ wọn. Ọmọ ọdún mẹ́jọ! Wọ́n pè é ní olè lójú àwọn ẹgbẹ́ ẹ̀. Ìyá ẹ̀ jáde, ìyá tiwa náà jáde, ohùn lọ sókè. Ẹnì kan bú ẹ̀yà ẹnì kan, ẹni yẹn sì dá a padà. Ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run pé àgbà wà láàárín, ìmáàmù àdúgbò àti bàbá kan nínú wa ni wọ́n pa iná ẹ̀.

Ní ọjọ́ kejì wọ́n ṣí bàáfù, wọ́n bá ẹsẹ̀ kọ̀ǹkọ̀ kan tó yọ síta lẹ́nu èyí tó tóbi jù. Olè ti jáde.

Ẹ̀yin tó ti pẹ́ nílẹ̀ yìí, ẹ mọ ohun tí mò ń wí. Ẹ mọ bí ọ̀rọ̀ kékeré ṣe ń di ńlá láàárín àlejò àti onílé. Ṣé nítorí kọ̀ǹkọ̀ tí wọn ò yà sọ́tọ̀ ni ká fi sọ ọmọ ọlọ́mọ di olè? Ṣé ẹ tún fẹ́ kí àwọn aládùúgbò wa máa rí wa tí à ń kó ọ̀pọ̀lọ́ jọ sínú abọ́ lẹ́yìn ilé, kí wọ́n máa sọ pé àwọn Yorùbá ti bẹ̀rẹ̀ oògùn wọn? Èyí tí ọmọdé ń sìn lẹ́yọ kan nínú àpótí tó mọ́, tí gbogbo èèyàn lè rí, kò sẹ́ni tó máa fura sí i. Bàáfù tó ń rùn, tí òkú kọ̀ǹkọ̀ wà nínú ẹ̀, ẹjọ́ ló máa fà.

Ẹ̀yin mùsùlùmí inú wa, hàdíìsì kan wà nínú ìwé Abu Dawud: oníṣègùn kan bi Ànábì, kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́run máa bá a, nípa fífi ọ̀pọ̀lọ́ sínú oògùn, Ànábì sì kọ̀ fún un láti pa á. Tí wọ́n bá kọ̀ kí wọ́n pa á nítorí ìwòsàn pàápàá, ṣé nítorí lájìkì lórí Facebook ni ká fi máa jù wọ́n sí ara wọn?

Ẹ̀yin tó ń ya fídíò ìjà yẹn, tí ẹ ń rẹ́rìn-ín lábẹ́ ẹ̀, ọmọ yín ń wò yín. Ẹ ń kọ́ ọ pé tí ẹni kékeré bá há mọ́ ẹni ńlá lọ́wọ́, fóònù ni kí èèyàn mú jáde. Ọjọ́ kan ẹ̀yin náà á darúgbó o, ọwọ́ ọmọ yẹn lẹ máa wà.

"TORÍ PÉ Ó Ń TA IKE NI"

Mo mọ̀ pé wọ́n máa sọ ọ́, ẹ jẹ́ kí n tètè dá a lóhùn. Bẹ́ẹ̀ ni, abọ́, bàáfù àti garawa ni mò ń tà. Àwọn kan á ní mo fẹ́ kí ẹni tó ní kọ̀ǹkọ̀ mẹ́wàá wá ra abọ́ mẹ́wàá.

Rárá o. Ẹ mú ẹyọ kan. Kọ̀ǹkọ̀ kan, àpótí kan. Ta ló ní kí ẹ kó mẹ́wàá? Ẹ ò tiẹ̀ ní láti ra nǹkan kan lọ́wọ́ mi. Ẹ wá kẹ́ẹ̀gì òróró lítà 25 tó ti ya, ẹ fọ̀ ọ́ títí òróró á fi tán lára ẹ̀, kí ẹ dà á dùbúlẹ̀, kí ẹ gé ẹ̀gbẹ́ kan ẹ̀, kí ẹ wá nẹ́ẹ̀tì dé e. Ilé ti dé nìyẹn fún kọ̀ǹkọ̀ tó ṣì kéré. Èmi tí mò ń tajà ni mo sọ bẹ́ẹ̀.

ÀWỌN TÍ WỌ́N LÈ JỌ WÀ, ÀTI ÀWỌN TÍ KÒ GBỌDỌ̀ PÀDÉ

Kí wọ́n má bàa ní mi ò mọ̀ ju ẹyọ ọ̀rọ̀ kan lọ, ẹ jẹ́ kí n sọ èyí náà. Kì í ṣe gbogbo agbẹ́lẹ̀ ló ń jẹ ojúgbà ẹ̀. Ọ̀kan kékeré wà tí imú ẹ̀ ṣe ṣóńṣó, orí ló fi ń wọlẹ̀, kì í fi ìdí. Hemisus ni àwọn onímọ̀ ń pè é. Ẹnu ẹ̀ kéré, ikán àti èèrà ló ń jẹ. Méjì tàbí mẹ́ta tó tóbi dọ́gba lè wà nínú yanrìn jíjìn kan láìsí ìjà. Wàhálà tiẹ̀ ni pé ta ló fẹ́ máa wá ikán lójoojúmọ́? Ẹ fi í sílẹ̀ nínú oko.

Òmíràn wà, ẹ̀yìn ẹ̀ pupa, ara tó kù dúdú, kì í fò bí àwọn tó kù, rírìn ló máa ń rìn. Phrynomantis microps ni. Oje kan wà lára ẹ̀ tí kì í jẹ́ kí èèrà ta á, ó sì lè wọ inú ilé èèrà kó máa gbé ibẹ̀. Oje ara àwọn ẹ̀yà ìdílé ẹ̀ yìí lè pa ọ̀pọ̀lọ́ mìíràn tí wọ́n bá há wọn mọ́ inú abọ́ kan. Ọmọ tó bá kó pupa yìí mọ́ àwọn tó kù torí ó lẹ́wà, ó ti fi májèlé sínú ilé nìyẹn. Tí ẹ bá fọwọ́ kàn án, ẹ má fi ọwọ́ yẹn kan ojú.

Bí ẹ ṣe wá rí i yìí náà ni ó rí lókè òkun. Kọ̀ǹkọ̀ ẹlẹ́nu gbàngbà ti Argentina àti Brazil, tí wọ́n ń pè ní Pacman frog, òun náà máa ń rì sínú ilẹ̀, ojú nìkan á kù síta. Àwọn tó mọ̀ ọ́n sìn, ẹyọ kan ni wọ́n ń fi sínú àpótí kan. Ẹni tó bá ti ní ẹnu tó tó ara, òun nìkan ni kó máa gbé.

TÍ Ẹ BÁ FẸ́ SÌN ÍN DÁADÁA

Iyẹ̀pẹ̀: ẹ wa èyí tí kò sí ajílẹ̀ tàbí oògùn apakòkòrò nínú ẹ̀. Tí ẹ bá rí èèpo àgbọn tí wọ́n ti gún kúná, ẹ pò ó mọ́ ọn. Kó jìn tó ìlọ́po méjì gíga ara kọ̀ǹkọ̀ náà, ó kéré tán. Ẹ fún un ní ọwọ́: kó dì, kí omi má sì kán. Ẹ ṣa òkúta wẹ́wẹ́ kúrò, kó má bàa gbé e mì mọ́ oúnjẹ.

Omi: abọ́ pẹlẹbẹ, kí omi má kọjá àgbọ̀n ẹ̀. Omi ẹ̀rọ ìjọba tó ní kílórínì, ẹ jẹ́ kó wà nínú abọ́ tí kò ní ìdérí fún wákàtí 24 kí ẹ tó lò ó. Ojoojúmọ́ ni kí ẹ máa pààrọ̀ omi, pàápàá tó bá ti yàgbẹ́ sí i.

Oúnjẹ: ìrẹ̀, tata, ekòló, aáyán. Kékeré á máa jẹ lójoojúmọ́, àgbà ò ju ẹ̀ẹ̀mejì sí ẹ̀ẹ̀mẹta lọ lọ́sẹ̀. Ẹ má fún un ní aáyán tí ẹ fi ọ̀tapiapia pa o. Ẹ má fún un ní búrẹ́dì tàbí ẹ̀bà, kì í jẹ ohun tí kò mira. Igi ni kí ẹ fi na oúnjẹ sí i. Ọmọ tó bá fi ìka na án, á sunkún.

Ibi tó máa wà: abẹ́ òjìji. Oòrùn Kánò yìí á se é nínú ike kí ẹ tó jáde ní mọ́sáláṣí. Ẹ lu ihò sí ìdérí. Nígbà ọyẹ́, tó bá wọlẹ̀ tí kò jáde, ẹ má máa hú u lójoojúmọ́ kí ẹ lè fi han àlejò. Ó ń sinmi ni.

Ọwọ́: ọṣẹ àti omi, gbogbo ìgbà tí ẹ bá ti fọwọ́ kàn án tàbí fọwọ́ kan omi ẹ̀. Láàárín 2008 sí 2011, kòkòrò àrùn Salmonella tó wá láti ara àwọn ọ̀pọ̀lọ́ kékeré tí wọ́n ń sìn nínú omi dá ọ̀pọ̀ èèyàn wólẹ̀ ní Amẹ́ríkà, àwọn ọmọdé ló pọ̀ jù nínú wọn. Torí náà, abọ́ tó bá ti jẹ́ ti kọ̀ǹkọ̀, kò gbọdọ̀ di abọ́ gààrí mọ́.

OHUN TÓ KÙ

Ẹ̀yin alábòójútó péèjì yìí, mo bẹ̀ yín, ẹ má gba fọ́tò bàáfù kọ̀ǹkọ̀ wọlé mọ́, ẹ má sì gba fídíò ìjà wọlé rárá. Ẹ̀yin àgbà, ẹ dẹ́kun kíkọ "ọmọ dáadáa" sábẹ́ ohun tí kò dáa. Ẹ bi ọmọ náà pé mélòó ló kó wálé, mélòó ló sì kù.

Tí ẹ bá ní mẹ́wàá nínú bàáfù lónìí, ẹ yọ ẹyọ kan tí ẹ lè tọ́jú. Kí ẹ kó mẹ́sàn-án yòókù padà síbi tí ẹ ti kó wọn gan-an, kì í ṣe ibòmíràn. Ìrọ̀lẹ́ ni kí ẹ lọ, nísinsìnyí tí ilẹ̀ ṣì rọ̀, kí wọ́n lè rí ibi wọlé kí ẹ̀ẹ̀rùn tó dé. Ẹ má dúró di ìgbà tí ilẹ̀ bá ti le bí kọnkéré kí ẹ tó wá rántí àánú.

Ẹni tó bá fẹ́ bá mi jiyàn, àyè wà nísàlẹ̀ o, kó kọ ọ́. Ṣùgbọ́n kó kọ́kọ́ lọ ṣí bàáfù ẹ̀, kó ka iye tó kù níbẹ̀ ná.